Orúkọ Tí Mo Pè Lórí Afárá

Kò sí ohun kan tó ṣe jíà ọkọ̀ mi. Síbẹ̀, ní àràárọ̀ láti bí oṣù kan báyìí, mo máa ń fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, màá ki búlọ́ọ̀kù bọ abẹ́ rẹ̀, màá sì sùn sílẹ̀ lórí páálí, màá máa wo ìsàlẹ̀ jíà tí n kò ní tú. Àwọn ará àdúgbò tó ń kọjá lọ sóko á kí mi: "Tíṣà, ẹ kú uṣẹ́ o. Ṣé ó ti ń gbọ́?" Màá dáhùn pé ó kù díẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa. Akínyẹmí lorúkọ mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọkọ̀ títúnṣe, mo sì jẹ́ wọ́dìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa ní Ìkọ̀lé. Irọ́ kò yẹ mí rárá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún ẹnìkan.

Ìyá mi, Àtinúkẹ́, kú ní oṣù Ẹrẹ́nà ní ilé ìwòsàn ní Ìdó. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Ẹ má bínú pé "ó" ni mo ń pè é, n kò pè é ní "wọ́n". Ní ilé tiwa, a kì í fi "ẹ" bá ìyá sọ̀rọ̀. "Ìwọ" ni, ìfẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Òun ló bá mi tọ́ Fúnmilọ́lá, ọmọ mi kan ṣoṣo, nígbà tí ìyàwó mi ti kú. Nígbà tí àìsàn gbé ìyá mi dè, Fúnmilọ́lá wà nínú oyún kẹta. Méjì àkọ́kọ́ kò dúró. Ìyá mi kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́: "Èmi ni mo wẹ Fúnmi, èmi náà ni n ó wẹ ọmọ rẹ̀." Ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbálẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kú, mo ní kó sinmi, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ó rọra di ojú òsì rẹ̀ sí mi, ó fi ti ọ̀tún wò mí. Láti kékeré mi ló ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá rí i pé mo fẹ́ bá òun jiyàn.

Mo yọ àga ẹ̀yìn Sienna mi, mo sì lọ gbé òkú rẹ̀ wálé fúnra mi. Kí n tó gbéra, Ògúndélé wá bá mi. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, alágbẹ̀dẹ ni, oṣù méjì péré ni mo fi jù ú lọ. Ilé Ògún ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì wà di òní. Ó ní òun fẹ́ bá mi lọ kí òun lè máa bá ìyá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láyé àtijọ́: bí a bá ń gbé òkú àgbà bọ̀ wálé, tí a bá dé orí odò, ẹnìkan á pe orúkọ rẹ̀, á sọ fún un pé odò rèé o, ilé là ń lọ, jẹ́ ká kọjá. Bí wọn kò bá pè é, wọ́n ní ara nìkan ló máa ń dé ilé.

Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo ní kìrìsìtẹ́nì ni ìyá mi, ọ̀run ló lọ, kò sí lójú títì. Ṣùgbọ́n ìdí kejì wà tí n kò sọ. Ọmọ wo ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ìyá tó bí i? N kò pe Àtinúkẹ́ rí láyé mi. Orin ìsìn ni mo fi sí rédíò láti Ìdó títí dé Ìkọ̀lé. A kọjá odò, n kò la ẹnu.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú ni jíà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ mọ ohun tí mò ń wí: ẹ ó tẹná, ẹ́ńjìnnì á pariwo, ọwọ́ géèjì á sáré gòkè, ọkọ̀ kò sì ní lọ, bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìyanu fún ọkọ̀ ọlọ́dún púpọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ibì kan ṣoṣo ló ti ń yọ̀. Láàárín Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, afárá kékeré kan wà lórí odò tí mo sọ yẹn, níbi tí ọ̀nà ti lọ sísàlẹ̀ láàárín oko kòkó. Bí mo bá ń lọ, n kò ní mọ̀ pé mo gun afárá. Bí mo bá ń bọ̀ wálé, bí taya iwájú bá ti kan orí rẹ̀ báyìí, iná kékeré tó máa ń sọ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ á tàn lójú mi lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, á sì kú. Ọkọ̀ á wúwo. Jíà á yọ̀. Òórùn kan á sì bò mí, òórùn káńfọ̀, irú èyí tí ìyá mi máa ń kó sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Màá fi rìfáàsì padà sẹ́yìn, màá dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́bàá igbó. Iná ilẹ̀kùn á tún tàn, á tún kú, ọkọ̀ á sì fúyẹ́, màá kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo sọ fún ara mi pé ooru ni. Mo ní ọ́ìlì ló ń gbóná jù, pé káńfọ̀ náà wà nínú rọ́ọ̀gì ọkọ̀ láti ọjọ́ tí a gbé òkú. Olùkọ́ kì í pẹ́ rí àlàyé.

Ní oṣù Òkúdù, Fúnmilọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Mo gbé e sáré lọ sí Ìdó, jíà kò sì dà mí láàmú. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, obìnrin, kò tóbi ju ìgò omi lọ. Àwọn dókítà ní àwọn yóò dá ìyá àti ọmọ dúró títí ọmọ yóò fi lágbára. Mo dúpẹ́, mo sunkún, mo sì kọrí sílé. Lórí afárá, ọkọ̀ kò kàn yọ̀ lásán lọ́jọ́ náà, ó ń yí padà sẹ́yìn pẹ̀lú bí mo ṣe tẹná tó, tírélà pákó kan sì wà lẹ́yìn mi. Díẹ̀ ló kù kó tẹ̀ mí rẹ́. Mo búra níbẹ̀ pé n kò ní fi ọkọ̀ yìí gbé ọmọ tuntun àti ìyá tí ojú abẹ rẹ̀ kò tíì jiná bí n kò bá tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Takisí ńkọ́? Èmi tí mo kọ́ ìdajì àwọn mẹkáníìkì Ìkọ̀lé níṣẹ́, kí n wá fi takisí gbé ọmọ-ọmọ mi wálé!

Mo gbé e sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé mi. Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ni mo kọ́kọ́ ṣe: ẹ wò ó kí ẹ tó tú u. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jíà yọ, mo nù ún sórí aṣọ funfun. Ọ́ìlì jíà tó ń yọ̀ gbọ́dọ̀ dúdú, kó sì máa rùn bí àkàrà tó jóná. Tèmi pupa, ó mọ́ kedere. Mo tú pánù ìsàlẹ̀. Mo wo irin òòfà inú rẹ̀ bóyá èérún irin wà lára rẹ̀, eruku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán ni. Mo pààrọ̀ fílítà, mo da ọ́ìlì tuntun sí i, mo dé e padà. Mo fi òkúta dí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, mo tẹná, jíà sì di ara rẹ̀ mú ṣinṣin. Mo kó àpò gbágùúdá mẹ́jọ sínú rẹ̀ láti oko wa ní Òmù, tí ọ̀nà rẹ̀ kò gba orí afárá, mo fi gun gbogbo òkè tó wà ní agbègbè wa. Kò yọ̀ rárá.

Ìgbà tí mo wà nínú iṣẹ́ yìí ni ọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ. Níyì, ọkọ Fúnmilọ́lá, wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí omi ní apá Warri, kò lè wá. Orí fóònù ló ti bá wọn sọ ọmọ lórúkọ nínú wọ́ọ̀dù. Èmi náà kò lè lọ, ọkọ̀ ti túká. Fúnmilọ́lá pè mí lálẹ́: "Dádì, a ti sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún yín, ó di ilé. Ẹ̀bùn yín ni." Inú mi dùn débi pé mo kọrin wọlé sùn.

Nígbà tí mo tò ó tán tí mo sì dán an wò, mo wakọ̀ lọ sí Ọ̀yẹ́, mo yí padà. Lórí afárá, iná ilẹ̀kùn tàn. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jókòó sínú òórùn káńfọ̀ náà. N kò lè wo dígí tó ń fi ẹ̀yìn hàn mí. Ẹ̀rù bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ògúndélé wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Ó jókòó lórí taya àlòkù.

"Bí o bá ń bọ̀ ní ulé nìkan ló ń yọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Orí odò?"

"Orí odò náà ni."

Ó ń fi èékánná ha ìpẹtà ara irin táyà-rọ́ọ̀dù kan tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jíà kọ́ ló ń yọ̀, Tíṣà. Ìyá rẹ ló ń yọ̀. Ó rí ọkọ̀ ulé, inú rẹ̀ dùn, ó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pè é kọjá, kò sì lè dá a kọjá."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. Mo bi í pé kí ni kí n wá ṣe.

"Ohun tó yẹ kí o ti ṣe láti ùgbà tí o gbé e bọ̀. Pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o ní kó jẹ́ kí ẹ rè ulé. Kí o sì pe orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ọn: Àtinúkẹ́ ọmọ Awórìndé. Má fo ìyẹn. Orúkọ kan lè jẹ́ ti ẹni méjì."

Awórìndé, bàbá ìyá mi, Ifá ló sìn títí tó fi kú. Kò wù mí kí n máa pe orúkọ yẹn nínú ọkọ̀ wọ́dìnì. Mo ní, "Ògúndélé, Àtinúkẹ́ mélòó ni yóò wà nínú ọkọ̀ mi?"

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. "Ohun tí o bá pè ni odò ń gbọ́," ló wí, ó sì dìde lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin sí ìgbà yẹn, wọ́n ní kí ọmọ máa bọ̀ wálé, mo sì lọ gbé wọn ní Ìdó. Òjò wínníwínní ń rọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti ń lù. Fúnmilọ́lá jókòó sẹ́yìn, ó fi ṣọ́ọ̀lù funfun wé ọmọ náà mọ́ àyà. Ẹ wo ọmọ tó mọ ẹkún! Ohùn tín-ín-rín bíi ti ọmọ ewúrẹ́, láti Ìdó títí dé Ìfàkì, láti Ìfàkì títí kọjá Ọ̀yẹ́. Bó bá mu ọmú tán, á tún ké fún òmíràn. "Ọ̀jẹun ni o, Dádì," ni Fúnmilọ́lá ń wí, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn láti bí ọdún mẹ́rin.

Taya iwájú kan afárá. Iná ilẹ̀kùn tàn, ó kú. Káńfọ̀ bo gbogbo inú ọkọ̀. Mo tẹná, ẹ́ńjìnnì ké, ọwọ́ géèjì gòkè, ọkọ̀ dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ ńlá kan lẹ́yìn wa, ó ń bọ̀ láti orí òkè, ọ̀nà sì ń yọ̀ nítorí òjò.

"Dádì! Dádì, ọkọ̀ ń padà sẹ́yìn!"

Ọpọlọ mi fò lọ. Mo ké pẹ̀lú gbogbo agbára mi: "Àtinúkẹ́! Àtinúkẹ́! Àtinúkẹ́ o! Jẹ́ a rè ulé!"

Iná ilẹ̀kùn tún tàn, ó tún kú. Jíà di ara rẹ̀ mú, ọkọ̀ fò síwájú, a gun òkè lọ bí ẹni tí kò gbé ẹrù kankan. A ti rìn jìnnà kí n tó rí i pé inú ọkọ̀ pa rọ́rọ́. Ọmọ náà ti dákẹ́ láàárín ẹkún, bí ìgbà tí ẹnìkan pa rédíò.

Fúnmilọ́lá ló sọ̀rọ̀. "Dádì, ta ló sọ orúkọ rẹ̀ fún yín?"

"Orúkọ ta ni?"

"Ti ọmọ. Níyì ni, àbí? Mo ní kó má sọ. Èmi ni mo fẹ́ fi orúkọ màmá yà yín lẹ́nu."

Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà, mo ń wakọ̀ títí a fi délé. Mo rántí Awórìndé tí n kò pè. Mo rántí pé ìgbà méjì ni iná ilẹ̀kùn tàn, pé bí ẹnìkan bá wọlé, a jẹ́ pé ẹnìkan sọ̀ kalẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ọmọ kò ké mọ́. Àwọn èèyàn ní ọmọ rere ni, wọ́n ní ó ti mọ ilé. Ó yí ojú kúrò lára ọmú, kò sì padà sí i mọ́. Ògì lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí a fi ṣíbí bù fún un nìkan ló ń gbà, ohun tí ìyá mi jẹ ní ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Àníkẹ́, aládùúgbò wa tó ń wá wẹ̀ ẹ́, sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé, "Bàbá, ọmọ yín ń wò mí bí ẹni tí mò ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́." Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, Àníkẹ́ kò wá mọ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ báyìí. Ìyá mi tó ní òun ni yóò wẹ ọmọ, èmi ni mo ń bu omi sí i lára. Mo máa ń gbóòórùn káńfọ̀ nínú irun rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, wọ́n ní ká gbé e padà wá sí Ìdó fún àyẹ̀wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ara rẹ̀ le koko. Nígbà tí à ń bọ̀, mo ti ń sọ fún ara mi pé ìrònú àgbà lásán ni. Taya iwájú kan afárá. Iná ilẹ̀kùn tàn. Jíà yọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí kò sí òórùn kankan láti ìta. Ohun tí mo gbọ́ ni ẹkún, tín-ín-rín bíi ti ọmọ ewúrẹ́. Lórí àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fúnmilọ́lá ló ti ń wá. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀ kò la ẹnu rárá. Fúnmilọ́lá ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé àyà, omi ọmú sì ti rin búláòsì rẹ̀ gbindingbindin.

"Dádì," ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ gbọ́ ọ?"

Mo fi rìfáàsì padà sẹ́yìn. Mo dúró títí iná fi tàn tó sì kú, mo sì wakọ̀ kọjá. Ẹkún náà ń tẹ̀ lé wa láti ẹ̀yìn títí a fi gun òkè.

Mo lọ bá Ògúndélé ní àgbẹ̀dẹ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo fò. Ó jẹ́ kí iná ewìrì kú kó tó fèsì. Ó ní àtúnṣe wà. Kí n gbé ọmọ náà lọ sórí odò, kí n pe Àtinúkẹ́ ọmọ Níyì. Ẹni tí a fi sílẹ̀ yóò wọlé.

"Ẹni tó wà nínú ara náà báyìí ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ara kan ni, Tíṣà. Yóò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. A kì í sì í pe ẹni kan kọjá odò lẹ́ẹ̀mejì."

Mo mọ ohun tó tọ́. Ọmọ-ọmọ mi ni, kò tíì jayé ọjọ́ kan nílé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí n ó lé sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó kòkó, òun ló bí mi. Mo ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí agídí mi. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì láti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ọwọ́ mi kọ̀.

N kò sọ ohun tí Ògúndélé wí fún Fúnmilọ́lá, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ni, ó mọ̀. Ó ní kí n gbé òun àti ọmọ lọ sí afárá. Mo ní jíà tún ti ń yọ̀, kó jẹ́ kí n tún un ṣe. Kò bá mi jiyàn. Láràárọ̀, á tẹ́ ọmọ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lábẹ́ igi máńgòrò, á sì gun ọ̀kadà lọ. Pẹ̀lú ọmú tó wú ló ń lọ. Bó bá fi máa dé lọ́sàn-án, ọmú náà á ti rọ̀, á dúró tì mí níbi tí mo sùn sí lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni màá máa rí, ẹrẹ̀ odò á sì wà lára rẹ̀.

"Dádì, ṣé jíà ti dára?"

Màá yí ojú sí ọmọ orí ẹní. Ojú mi ló máa ń wò. Á rọra di ojú òsì rẹ̀.

"Ó kù díẹ̀," ni màá wí.